Èèpo ìwé Avengers àti ìpilẹ̀ṣẹ̀ tó ta kókó: ta ni baba Wanda àti Pietro gan-an?

Àlàbí Akójọwé

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ìwé akọni, ẹ kú ìjókòó o. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka Avengers, ìwé alwòrán ẹgbẹ́ akọni tí ilé iṣẹ́ Marvel ń tẹ̀, láti ẹ̀dà kìíní, ọ̀rọ̀ kan sì ń jà gùdù nínú mi tí mo fẹ́ kí a jọ sọ. Bí ẹ bá tẹ́ èèpo iwájú àwọn ìwé yẹn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, láti 1963 dé 1989, kò sí ọmọdé tí ẹgbẹ́ náà ò ní yé. Ẹ wá ṣí inú ìwé wò: ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn akọni náà ti lọ́ mọ́ra wọn débi pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ tú u, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀.

Ẹ wo èèpo ẹ̀dà kìíní, ti September 1963, tí Jack Kirby yà. Loki dá dúró lápá kan; Thor, Hulk, Iron Man, Ant-Man àti Wasp ń bọ̀ wá bá a. Sẹ́ńtì 12 lowó ẹ̀. Ẹni tí ò gbọ́ orúkọ ìkankan nínú wọn rí ti mọ ọ̀tá yàtọ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀dà 4, March 1964: Captain America ló ń sáré bọ̀ níwájú, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ó tún ti wà láàyè. Ẹ̀dà 57, October 1968, iṣẹ́ ọwọ́ John Buscema: Vision, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí ènìyàn, gba ojú ìwé kan, ó tóbi ju àwọn Avengers tó kù lọ fíìfíì. Kò sí èyí tó rú ni lójú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n Captain America tó jí yẹn, èèyàn mélòó ló ti wọ aṣọ ẹ̀ kó tó jí? Ara ta ni Vision ń lò? Ta ló bí Wanda àti Pietro, àwọn ìbejì tí a mọ̀ sí Scarlet Witch àti Quicksilver? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ju ìdáhùn kan lọ, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀dà ìwé tó ń gbè é lẹ́yìn.

Èrò tèmi rèé. Mo fara mọ́ ọn kí òǹkọ̀wé fi kún ìtàn akọni, ìbáà tilẹ̀ ta kókó. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kó já baba, aya tàbí ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn tí àwa tó ń kàwé ti bá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Bọ̀dá Àlàbí, ẹ kú iṣẹ́. Sinimá lèmi fi mọ àwọn èèyàn yìí. Nínú èyí tó jáde ní 2015, bọ́ǹbù ló pa òbí Wanda àti Pietro mọ́lé ní Sokovia. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Magneto, ọ̀tá àwọn akọni X-Men, ni baba wọn nínú ìwé. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, Magneto kọ́. Èwo ni kí n gbà?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde nínú X-Men ẹ̀dà 4, March 1964, kò sẹ́ni tó bèèrè baba wọn. Ọ̀gá wọn ni Magneto jẹ́. Ó ti gba Wanda sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó fẹ́ pa á pé àjẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí òun àti Pietro fi ń sìn ín. Nígbà tó di May 1965, nínú Avengers ẹ̀dà 16, wọ́n ti kẹ̀yìn sí i, wọ́n wọ ẹgbẹ́ tuntun pẹ̀lú Hawkeye, Captain America sì ni olórí.

Baba àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wọn dé ní 1974, nínú Giant-Size Avengers ẹ̀dà kìíní. Roy Thomas ló kọ ọ́. Akọni ìgbà ogun kan tó ń jẹ́ Whizzer, Bob Frank lorúkọ ẹ̀ gan-an, yọjú, ó ní òun àti aya òun, Miss America, ló bí wọn lórí òkè Wundagore. Ìyẹn ò ju ọdún márùn-ún lọ. Ní 1979, ẹ̀dà 185 sí 187, Mark Gruenwald àti Steven Grant pète ìtàn náà, John Byrne yà á, wọ́n sì mú wa padà sórí òkè yẹn. Ibẹ̀ la ti pàdé Bova, màlúù tí High Evolutionary, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, sọ di ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn tó sì ń sọ̀rọ̀. Òun ni agbẹ̀bí. Bova tú àṣírí náà: òkú ọmọ ni Miss America bí, òun náà sì bá a lọ. Àwọn ìbejì jẹ́ ti obìnrin mìíràn, Magda, tó ń sá fún ọkọ ẹ̀, tó bímọ tán tó sì rìn wọ inú yìnyín lọ. Bova fẹ́ fi ìbejì náà tu Whizzer nínú, ó gbé wọn fún un bí ẹni pé tirẹ̀ ni, àmọ́ ìbànújẹ́ ti lé ọkùnrin náà sá. Bí wọ́n ṣe dé ọwọ́ Django àti Marya Maximoff, àwọn Romani tó tọ́ wọn dàgbà, nìyẹn.

Ta wá ni ọkọ Magda? Ní September 1979, oṣù kan náà tí ẹ̀dà 187 jáde, Byrne kan náà ń ya X-Men ẹ̀dà 125, nínú èyí tí Magneto ti ń wo àwòrán obìnrin kan tó ń jẹ́ Magda. Ẹni tó bá ń ra ìwé méjèèjì ti mọ̀. Ẹni tó ń ra ọ̀kan ṣoṣo dúró títí di February 1983, nígbà tí Magneto fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn nínú The Vision and the Scarlet Witch ẹ̀dà 4, tí Bill Mantlo kọ.

Èmi tí mo bí ìbejì, ibi tí ìtàn yìí ti mú mi jù ni Django. Òun àti Marya ti bí ọmọ méjì tiwọn, Ana àti Mateo, wọ́n sì pàdánù wọn. Nígbà tó di 1979, bàbá arúgbó yìí gbẹ́ ère onígi méjì tó jọ Wanda àti Pietro, ó sì fa ẹ̀mí wọn sínú ère náà, torí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ òun padà sọ́dọ̀ òun. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rí i. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí ère ìbejì, tó rí bí ìyá ṣe ń wẹ̀ ẹ́, tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tó ń fún un lẹ́wà, mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ibi ni Django ń hù. Àwọn ará ibẹ̀ kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá tí Avengers gbọ́dọ̀ dá dúró. Èmi kà á, omi bọ́ lójú mi.

Nínú sinimá tí o wò yẹn, Pietro ní òun fi ìṣẹ́jú 12 ju Wanda lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Táyé. Wanda ni Kẹ́hìndé, Wanda sì ni ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Mà, ẹ ṣeun gan-an. Magneto ni nígbà náà?

Dèjì Houston

Ó jẹ́ Magneto láti 1983 títí di 2014. Nínú Axis ẹ̀dà 7, Wanda sọ èpè tí yóò mú gbogbo ẹni tó bá bá a tan lẹ́jẹ̀. Ó mú Pietro. Kò mú Magneto. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú Uncanny Avengers, High Evolutionary ní òun ló fi ọwọ́ kàn wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, pé wọn kì í tilẹ̀ ṣe mútáǹtì, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí agbára mọ́. Ní 2016, James Robinson kọ ọ́ pé Natalya Maximoff ni ìyá wọn, òun náà sì ti jẹ́ Scarlet Witch ṣáájú ọmọ ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ gbà pé ọ̀rọ̀ sinimá ló fà á. Ilé iṣẹ́ Fox ló ní ẹ̀tọ́ àti ya sinimá X-Men nígbà yẹn, Marvel sì fẹ́ lo Wanda àti Pietro nínú Avengers tiwọn. Ẹ rántí pé Quicksilver méjì ló wà lójú sinimá láàárín ọdún kan: Evan Peters lọ́dọ̀ Fox ní 2014, Aaron Taylor-Johnson lọ́dọ̀ Marvel ní 2015.

Ìyá Ìbejì Peckham

Dèjì, ohunkóhun tó fà á, kò dáa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Nínú ọdún wọ̀nyẹn, Pietro kọ̀ láti pe Magneto ní baba, Wanda gbìyànjú láti dárí jì í, ọkùnrin náà bá wọn jà, ó bá wọn sunkún. Wọ́n kọ ìtàn House of M ní 2005 torí pé baba àti ọmọ ni wọ́n. Ẹ wá fi èpè kan ṣoṣo nu gbogbo ẹ̀ nù. Ta lẹ fẹ́ fi rọ́pò? Ìyá tí a ò rí rí.

Ayàwòrán Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n dá yín padà sí èèpo díẹ̀, torí orí ẹ̀ ni Àlàbí ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ni igun òkè lápá òsì. Nígbà yẹn, àwọn tó ń ta ìwé a máa kó wọn lé ara wọn lórí pẹpẹ, etí òsì nìkan ló máa ń yọ síta. Steve Ditko ni wọ́n ní ó dábàá pé kí Marvel ya àpótí kékeré kan sí igun yẹn, kí wọ́n fi àwòrán akọni, nọ́ńbà àti iye owó sínú ẹ̀. Fún ìwé akọni kan, kò ju ẹnì kan lọ. Fún ìwé ẹgbẹ́, ó di ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Ẹni bá ti kúrò, orí ẹ̀ kúrò ní igun. Ẹni tó wọlé, wọ́n ya á sí i. Inú ìwé lè máa jiyàn lórí ẹni tó bí Wanda, igun yẹn ò bèèrè. Ó ń sọ fún yín pé ó wà nínú ẹgbẹ́ lóṣù yìí.

Ní ti ẹ̀dà 57: ẹ wo àwọ̀. Ojú Vision pupa, aṣọ ẹ̀ ewé, aṣọ tó so kọ́ ẹ̀yìn yẹ́lò. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà yẹn ní: búlúù, pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń pè ní májẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú, tí wọ́n ń tò ní tóótòòtó. Àwọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ da pọ̀ jù á rẹ̀ dòdò. Àmọ́ yẹ́lò kíkún lórí májẹ́ńtà kíkún, pupa tó lè pe ènìyàn láti òdìkejì títì ni. Ewé náà bẹ́ẹ̀, yẹ́lò lórí búlúù. Vision gba àwọn àwọ̀ tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù lọ. Buscema wá yà á tóbi, ó jẹ́ kí àwọn yòókù kéré. Èèpo tó ń sọ fún yín pé àlejò dé, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ire ló bá wá.

Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀dà 223, September 1982, ti Ed Hannigan àti Klaus Janson. Hawkeye fa ọrun, Ant-Man dúró sórí ọfà. Ọdún 34 lẹ́yìn ẹ̀ ni sinimá Captain America ti 2016 tún ya ohun kan náà. Bí èèpo bá gún régé, kì í kú.

Bàbá Ṣẹ̀gún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àṣeyè. Àlàbí bèèrè iye ẹni tó ti wọ aṣọ Captain America. Mẹ́rin ni, bí a bá dúró sí ti àtijọ́.

Steve Rogers ni Joe Simon àti Jack Kirby dá sílẹ̀ ní 1941. Èèpo ẹ̀dà kìíní yẹn ni ibi tó ti gbá Hitler lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun. Lẹ́yìn ogun, ìwé náà ń bá a lọ títí di ìparí ọdún mẹ́wàá náà, wọ́n tún gbé e dìde ní 1953 sí 1954, tó ń bá àwọn kọ́múníìsì jà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Avengers ẹ̀dà 4 dé, tó ní yìnyín ti gbé Steve mì láti 1945. Tó bá wà nínú yìnyín láti 1945, ta ló ń bá kọ́múníìsì jà ní 1954?

Stan Lee, tó kọ ẹ̀dà 4 yẹn, ò dáhùn. Steve Englehart ló dáhùn ní 1972, nínú Captain America ẹ̀dà 153 sí 156: ọkùnrin mìíràn ni, tó fẹ́ràn Steve débi pé ó yí ojú ẹ̀ padà kó lè jọ ọ́, oògùn tó lò sì dà á lórí rú. Ẹ wo ohun tí Englehart ṣe. Ìwé 1953 sí 1954 wọ̀nyẹn kún fún ìkórìíra, kò sì fi wọ́n pamọ́. Ó gbé ìkórìíra náà lé ẹlòmíràn lórí, ó wá jẹ́ kí Steve bá a jà lójúkojú. Ní 1977, Roy Thomas dí àlàfo tó kù nínú What If ẹ̀dà 4: akọni tó ń jẹ́ Spirit of '76 ló kọ́kọ́ gba aṣọ náà, nígbà tó kú, Patriot gbà á.

Èyí ni mo máa ń fi hàn àwọn tó ní kí ìpilẹ̀ṣẹ̀ má yí padà. Ó yí padà, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ Steve. Ó fún àwọn mẹ́ta mìíràn ní ibi ìdúró.

Kókó kejì: ẹgbẹ́ Avengers gan-an kò ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Tom Brevoort, olóòtú ní Marvel, ti ṣàlàyé pé ìwé mìíràn, Daredevil, ló yẹ kó jáde, iṣẹ́ ẹ̀ ò tètè parí, ni wọ́n bá yára kó àwọn akọni tí wọ́n ti ní nílẹ̀ jọ. Ẹni kọ̀ọ̀kan wá pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀ láti inú ìwé tirẹ̀. Hulk tilẹ̀ ti bínú kúrò ní ẹ̀dà 2. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti gbé ẹrù tirẹ̀ wá, kókó ò lè ṣaláì sí.

Dèjì Houston

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí Captain America. Ẹ jẹ́ kí n wá fi òfin Bọ̀dá Àlàbí dán Vision wò, torí mi ò rò pé ó dúró.

Bọ̀dá Àlàbí ní kí òǹkọ̀wé fi kún, kó má já gbà. Ó dáa. Ní October 1939, èèpo Marvel Comics ẹ̀dà kìíní, tí Frank R. Paul yà, gbé Human Torch jáde: ọkùnrin oníná tó ń yọ́ irin kọjá, ẹnì kan ń yìnbọn fún un. Carl Burgos ló dá a sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Phineas Horton ṣe é bí ènìyàn, ó fi í sínú gíláàsì tí afẹ́fẹ́ ò sí, torí ó máa ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Òun ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó di akọni ní Marvel. Ó jà lógun, ó ní ọmọ tó mú bí ọmọ ara ẹ̀, Toro.

Ẹ wá wo 1975, Avengers ẹ̀dà 133 sí 135. Englehart ní ara Torch ni Ultron, ẹ̀rọ tó jẹ́ ọ̀tá Avengers, gbà, ó fipá mú Horton láti tún un ṣe, ó sì di Vision. Bẹ́ẹ̀ ni Torch, tó ní orúkọ, ìtàn àti ọmọ tirẹ̀, di ohun tí wọ́n fi rán aṣọ ẹlòmíràn. Ìyẹn kì í ṣe jíjá gbà? Nígbà tí John Byrne sọ ní 1989 pé Torch àti Vision kì í ṣe ẹnì kan náà, tó sì mú Torch padà wá ní ẹ̀dà 50 ti Avengers West Coast, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ló dá padà fún un.

Àlàbí Akójọwé

Dèjì, ọ̀rọ̀ ẹ lágbára, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn dáadáa.

Torch ti kú nígbà tí Englehart kàn án. Inú Fantastic Four Annual ẹ̀dà 4 ti 1966 ni wọ́n ti gbé e dìde fún ọjọ́ kan, tí ó tún kú. Òkú ọdún mẹ́sàn-án ni, kò sẹ́ni tó ń kọ ìtàn ẹ̀ mọ́. Englehart ò já a gbà lọ́wọ́ òǹkàwé kankan. Ó fún òkú ní ìgbésí ayé kejì, ó sì fún Vision, tó ń sunkún pé òun ò ní ìran, ní ìran tó padà sẹ́yìn dé ìwé àkọ́kọ́ tí Marvel tẹ̀.

Èrò náà ò sì já bọ́ láti òfuurufú. Ní November 1971, ẹ̀dà 93, Neal Adams ya Ant-Man tó wọ inú ara Vision lọ láti tún un ṣe. Ó rí nǹkan kan níbẹ̀ tó yà á lẹ́nu, kò sì sọ ọ́. Adams ti ní Torch ló wà lọ́kàn òun nígbà tó yà á.

Ohun tí Byrne ṣe yàtọ̀. Kò dúró lórí pé Torch yàtọ̀. Ní West Coast Avengers ẹ̀dà 42 sí 45, ó jẹ́ kí wọ́n tú Vision palẹ̀ bí ẹ̀rọ, wọ́n tún un tò, ó funfun báláú, kò nífẹ̀ẹ́ mọ́. Ọkùnrin tó fẹ́ Wanda ní 1975 lọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Peckham

Àlàbí, ìwọ dá ọ̀rọ̀ dúró síbi ìyàwó. Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ní 1986, ní ẹ̀dà 12 ti ìwé Vision àti Wanda, Wanda bí ìbejì, Thomas àti William. Ìbejì bí ìbejì, ayọ̀ ńlá. Ní 1989, ẹ̀dà 51 àti 52, Byrne ní wọn kì í ṣe ọmọ rárá, ègé ẹ̀mí Mephisto, ẹ̀mí èṣù kan, ni wọ́n, wọ́n sì pòórá. Wọ́n tún wá mú kí Wanda gbàgbé pé òun bí wọn. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèjà ìtàn yẹn, ta ni wọ́n dá nǹkan padà fún níbẹ̀?

Allan Heinberg àti Jim Cheung ló mú wọn padà nínú Young Avengers, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Wiccan àti Speed. Wọn ò pa ìtàn Byrne rẹ́. Ìbejì tó lọ ti padà wá láti inú ẹlòmíràn, ìyá wọn sì wà láàyè láti rí wọn. Ìdí tí mo fi ń ka ìwé yìí lónìí nìyẹn.

Dèjì Houston

Ìyá Ìbejì, mi ò gbèjà ti àwọn ọmọ. Ti Torch ni mo gbèjà, mo sì ṣì dúró síbẹ̀. Òkú akọni kì í ṣe pápá tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wọ̀.

Bàbá Ṣẹ̀gún

Ẹ̀yin méjèèjì, Kurt Busiek ti pàrí ìjà yín láàárín December 1998 sí February 2000. Nínú Avengers Forever, tí Carlos Pacheco yà, Immortus, ẹni tó ń ṣàkóso ìgbà, fi agbára pín Torch sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan di Vision, ọ̀kan ṣẹ́kù bíi Torch. Englehart sọ òótọ́, Byrne sọ òótọ́. Èmi ò rí òǹkọ̀wé tó bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣáájú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń tú kókó láì gé okùn, kó ka ìwé méjìlá yẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un. Vision fúnra ẹ̀ ti ta kókó kó tó jáde. Roy Thomas fẹ́ mú Vision àtijọ́ padà, Aarkus, tí Simon àti Kirby dá sílẹ̀ ní November 1940. Stan Lee ní rárá, ẹ̀rọ ni kó wọ ẹgbẹ́. Thomas pa méjèèjì pọ̀: orúkọ ti àtijọ́, ara ti ẹ̀rọ. Nínú ìtàn, iyè tó ń lò tún jẹ́ ti Wonder Man, tó wọ Avengers tó sì kú nínú ẹ̀dà 9 kan náà ní 1964. Hank Pym, Ant-Man àkọ́kọ́, ló ṣe Ultron, Ultron ló ṣe Vision. Ta wá ni baba ẹ̀ níbẹ̀?

Ayàwòrán Yábàá

Bàbá, ẹ ti sọ ọ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ wo ojú ìwé tó kẹ́yìn ẹ̀dà 58, nígbà tí wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́. Buscema fi odindi ojú ìwé fún ojú Vision tó ń sunkún. Lẹ́yìn oṣù kan péré tó ti dẹ́rù bani lórí èèpo 57! Ẹni tó bá rí méjèèjì tẹ̀ léra mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń jà lórí baba ẹ̀ títí di òní.

Ó tún ku èèpo kan tí mo fẹ́ kí ẹ wá kiri: JLA/Avengers ẹ̀dà 3, níbi tí Avengers ti pàdé JLA, ẹgbẹ́ akọni ilé iṣẹ́ DC, tí George Pérez yà. Gbogbo ẹni tó ti wọ ẹgbẹ́ méjèèjì rí ló wà lórí ẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó fi òjìji bò. Ẹ lè fi ìka tọ́ka sí Wanda, Pietro, Vision, kí ẹ sì rí i pé ó fún ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní 2022 fún owó ìrànwọ́, kí Pérez tó kú lọ́dún náà, ẹ̀dà 7,000 péré ni wọ́n tẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ibo ni kí n gbà wọlé tí mi ò fi ní sọnù?

Àlàbí Akójọwé

Ka 57 àti 58 tẹ̀ léra. Lẹ́yìn ìyẹn, fò dé 133 sí 135.

Ìyá Ìbejì Peckham

Má gbọ́ tiẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti 181, kí o lè bá Django pàdé kí wọ́n tó sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹ, kí o sì kà á dé 187. Tí o bá kà á tán, padà wá síbí, kí o sọ bóyá ọkùnrin yẹn kì í ṣe baba wọn.

Bàbá Ṣẹ̀gún

Ẹ̀dà 4 ni, ọmọ mi. Ilé tí wọ́n gbé Captain America wọ̀ ni gbogbo àwọn yòókù wá bá a.

Dèjì Houston

Kó ka èyí tó bá wù ú, àmọ́ kó wá ìtàn Torch ti 1939 kà kó tó kan 133, kó lè mọ ẹni tí wọ́n gba ara ẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ti Ìyá Ìbejì ni mo máa kọ́kọ́ kà. Mo ti rí 181 àti 182, mò ń wá 183.